Ṣéènì Ọdẹ́jìnmí Tí Kò Gòkè

Ẹ sún mọ́ ara yín, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò, kí oorun má baà pín wa sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ní iṣu nínú eérú kó yọ ọ́ nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti lanu, mi ò ní dúró de ẹni tó ń fẹ́ iṣu gbígbóná. Èmi Ògúndíjọ tí ẹ ń wò yìí, ẹfọ̀n lé mi rí títí ó fi rẹ ẹfọ̀n, èmi náà ni mo ní kó jókòó kó sinmi. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ rín in tán, torí ibi tí ọ̀rọ̀ òní ń lọ, ẹ̀rín kì í bá èèyàn débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni màá sọ. Ọ̀rọ̀ ọdẹ kan ni, Ọdẹ́jìnmí ará Òkè-Ìgbìn, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ wá aya rẹ̀ lọ sí ìlú tí kò sí nínú ayé wa yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó fún mi, mo sì fi ojú ara mi rí ìparí rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí kì í fi ẹsẹ̀ rìn bí ọdẹ yòókù. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn, kì í sì í ṣe irú kẹ̀kẹ́ wúwo tí àwọn ẹlẹ́mu fi ń gbé agbè kiri o. Kẹ̀kẹ́ eré ìje ni, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ ká kò bí ìwo àgbò, ó sì fúyẹ́ débi pé ọmọdé lè gbé e kọ́ èjìká. Níwájú, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́, irin eléyín méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá. Ọdẹ́jìnmí ń pe kékeré ní Àbúrò, ó ń pe ńlá ní Ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá fẹ́ gun òkè, ara Àbúrò ni ṣéènì gbọ́dọ̀ wà kí ẹsẹ̀ lè fúyẹ́. Bí ó bá dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó fẹ́ sáré, ṣéènì gbọ́dọ̀ gun orí Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ irin kékeré kan ló ń ti ṣéènì náà lọ tí ó ń tì í bọ̀, wáyà kan ló sì so ọwọ́ irin yìí mọ́ ibi tí Ọdẹ́jìnmí ń tẹ̀ lókè, tí ó ń pè ní jíà. Ó tẹ̀ ẹ́, wáyà fà, ọwọ́ irin tì, ṣéènì gòkè. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ yìí náà ló jẹ́ kí ojú rẹ̀ rí màbo.

Ní ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró aya rẹ̀ ń sá láfún lórí àpáta. Ìjì kan fẹ́ wá, ó gbé e lọ. Láfún kò dànù, ẹní kò ká, Àwẹ̀ró nìkan ni wọn kò rí mọ́. Ọdẹ́jìnmí jókòó sórí àpáta náà títí láfún fi gbẹ, kò mọ ohun tí ọwọ́ òun lè ṣe. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn aya rẹ̀ o. Bí Àwẹ̀ró bá ń dáná, òun ló ń bá a fẹ́ iná, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì jáwọ́.

Olúọ́dẹ Bámgbàlà, tí í ṣe olórí àwọn ọdẹ Òkè-Ìgbìn, ló wá bá a lórí àpáta.

Ó ní, “Ọdẹ́jìnmí, ìjì tó gbé ìyàwó rẹ, Ìlú Ìgbàgbé ló ti wá. Wọn ò ní lù ú, wọn ò ní dè é. Iṣu tuntun ni wọ́n máa gbé ka iwájú ẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́, ó di ará ibẹ̀ nìyẹn, kò ní rántí pé ìwọ wà láyé. Àmọ́ bí ẹni tiẹ̀ bá dé kó tó jẹ ẹ́, tóun fúnra ẹ̀ sì dìde tẹ̀lé onítọ̀hún, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró.”

“Baba, ìgbà wo ni wọ́n máa wa iṣu ọ̀hún?”

“Ewé ẹ̀ ti ń gbẹ. Má dúró jẹun.”

Olúọ́dẹ yọ oǹdè kan jáde, awọ etu ni wọ́n fi rán an. Ó so ó mọ́ igi kẹ̀kẹ́ náà bí a ti í so ó mọ́ ìbọn, ó lọ́ okùn rẹ̀ yíká, ó fà á le koko. Ó ní, “Àwọn ará pápá tó wà níwájú Ìlú Ìgbàgbé, wọn ò ní rí ọ níwọ̀n ìgbà tí èyí bá wà lára irin rẹ. O sì mọ̀ pé ìdè àgbà, a kì í tú u lójú ọ̀nà.” Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa fi oǹdè ṣeré, ṣùgbọ́n láyé tiwa, ọdẹ tó bá tú oǹdè lójú ọ̀nà, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́ níbi tí ọdẹ bá pé jọ sí.

Ó gbéra. Igbó tó kọ́kọ́ wọ̀ ni igbó tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ń-Bẹ-Lẹ́yìn-Òkè. Bí o bá gun ọ̀kan tán, òmíràn á dìde dúró níwájú rẹ, á ní kí o kú iṣẹ́. Iwin kan tí orúnkún rẹ̀ kọ ẹ̀yìn ń bá Ọdẹ́jìnmí sáré láàárín igi, ó ń bú u, ó ń sọ èso igbó lù ú. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ṣéènì wà lára Àbúrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, ó gun òkè títí òkè fi sú iwin. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti dúró kọ́ iwin náà lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n èmi ò ní aya nínú ìlú ẹlòmíràn nígbà yẹn.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ jíà kí ṣéènì gun Ẹ̀gbọ́n, kò gùn ún. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ irin mì díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí tí kò fẹ́ dìde, ṣéènì fara ha á, ó ń ké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kò gòkè. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́jìnmí ń yí wìrìwìrì lórí Àbúrò, kẹ̀kẹ́ kò sì yára. Ó sọ̀kalẹ̀, ó nu ṣéènì, ó bẹ̀ ẹ́, ó kì í, ó tún gùn ún. Bákan náà ni. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, nítorí gbogbo ọ̀nà tó kù, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ló ti já sí Ìlú Amọ̀ràn. Àwọn ará ìlú yìí ní ẹnu méjì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọn kò ní etí rárá. Bí wọ́n ti rí kẹ̀kẹ́ tí ó ń tì, wọ́n ti mọ ohun tó ṣe é kí Ọdẹ́jìnmí tó kí wọn tán. Baálẹ̀ wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mọ̀ọ́tán, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Àwọn ìṣó kéékèèké méjì tí wọ́n ń lọ́ yìí,” ló wí, “tó wà lórí ọwọ́ irin. Àwọn ló ń sọ ibi tó gbọ́dọ̀ dúró sí. Wọ́n ti fún un jù. Ẹ tú ìkíní.”

Wọ́n tú u. Ọdẹ́jìnmí gùn ún, ṣéènì jábọ́ sínú, ó há sáàárín Àbúrò àti igi kẹ̀kẹ́.

Obìnrin kan yọ, Ìyá Àgbàsọ ni wọ́n ń pè é. Ó ní, “Baálẹ̀ ò gbọ́n. Ìṣó kejì lẹ ò bá tú. Èyí tẹ́ ẹ tú yẹn, ẹ fún un padà.”

Wọ́n fún ìkíní, wọ́n tú ìkejì. Ọdẹ́jìnmí ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará mi, ṣé mo lè sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀?” Ta ni yóò gbọ́? Ẹnìkan ní ọwọ́ irin ga jù lórí eyín Ẹ̀gbọ́n, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní ó wọ́, kò tẹ̀lé irin lọ́gbọọgba, ó fi òòlù gbá a. Ẹlòmíràn sì ní bó ṣe ga tẹ́lẹ̀ ló dára, ó gbé e sókè padà. Ọwọ́ gbogbo wọn kún fún ọ̀rá, ẹnu wọn kò dákẹ́, Ọdẹ́jìnmí tó ti dojú kọ ẹkùn rí dúró láàárín wọn, ó ń wo ọwọ́ lọ́tùn-ún, ó ń wo ọwọ́ lósì bí ọmọ tí wọ́n ń fá lórí. Kò mọ ìmọ̀ràn tó dára, kò mọ èyí tí kò dára. Nígbà tó yá, Baálẹ̀ àti Ìyá Àgbàsọ wọ̀yá ìjà lórí ìṣó, ìlú dàrú, Ọdẹ́jìnmí fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ láàárín ẹsẹ̀ wọn, ó sá lọ. Lẹ́yìn odi ìlú, ó fi sùúrù dá ohun gbogbo padà síbi tí ó mọ̀ pé wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ ṣéènì kò gòkè.

Ó dé etídò kan. Ẹ̀dá kan jókòó síbi tí wọ́n ti ń la odò kọjá, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó di okùn mú lọ́wọ́. Okùn náà wọ inú odò, ó yọ ní òdìkejì, ó wọ inú igbó. Olókùn ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tó ń kọjá láìdá a lóhùn.

Ó ní, “Ọdẹ, mo fa okùn mi níhìn-ín, ẹran tí mo so kò mì lọ́hùn-ún. Ọwọ́ mi kò rọ. Ẹran kò kú. Kí ló ṣe é?”

Ọdẹ́jìnmí ní, “Ó ní láti jẹ́ pé okùn ti já.”

“Okùn kò já.”

“A jẹ́ pé ẹran yẹn lágbára jù ọ́ lọ.”

Olókùn wò ó títí. Ó ní, “Àní ọdẹ ni ọ́, o sì ń dẹ takúté. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kọjá, mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, àánú rẹ ṣe mí.” Ọdẹ́jìnmí gbé kẹ̀kẹ́ lérí, ó la odò náà kọjá, ọ̀rọ̀ àánú yìí sì dùn ún ju èébú iwin lọ.

Lẹ́yìn odò ni pápá wà. Pápá yìí tẹ́ lọ salalu, òpin rẹ̀ sì ni Ìlú Ìgbàgbé. Ilẹ̀ rẹ̀ kì í gba ẹni tó bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, gbígbé mì ló ń gbé e mì. Eré nìkan ló ń bọ̀wọ̀ fún. Ọdẹ́jìnmí wọ̀ ọ́ pẹ̀lú Àbúrò, ó tẹ̀, ó tẹ̀, kò tíì jìnnà tí táyà fi rì. Ó fà á yọ, ó padà sétí pápá. Ó gbìyànjú níbòmíràn, ó tún rì, ìgbà yìí dé orúnkún. Lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń rí èéfín ìlú náà. Òórùn iṣu tuntun ń bá afẹ́fẹ́ bọ̀ wá bá a. Wọ́n ti wa iṣu.

Ọkùnrin jókòó, ó sunkún. Mi ò ní tìtorí pé ọdẹ ni, kí n fi pa mọ́ fún yín. Ó sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tètè dé láti ọjà. Ìlú tí aya rẹ̀ wà nìyẹn, ojú rẹ̀ tó o, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó ń sunkún lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ Olókùn padà wá sí i lọ́kàn. Bí okùn takúté kò bá já, tí ọwọ́ kò sì rọ, kí ló kù? Okùn há ni. Ó há mọ́ nǹkan kan láàárín ọ̀nà.

Ó tẹ jíà, ó dì í mú bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì tọ wáyà láti òkè wá sísàlẹ̀. Lókè, wáyà le, bí ó bá ta á, ó ń dún. Ó tọ̀ ọ́ lọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan oǹdè. Ní ìsàlẹ̀ oǹdè, wáyà rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Abẹ́ okùn oǹdè ni wáyà gbà kọjá. Olúọ́dẹ ti so ó mọ́ igi kẹ̀kẹ́ pọ̀ mọ́ wáyà, ó sì so ó le. Gbogbo bí Ọdẹ́jìnmí ti ń fà á, ìdí oǹdè ni agbára rẹ̀ ń parí sí. Irin kò ṣẹ̀, ìṣó kò ṣẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ta ni ìbá fura sí ohun tí àgbà so mọ́ni lára pé kí ó máa ṣọ́ni?

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ há sí báyìí. Bí ó bá fi oǹdè sílẹ̀, ará pápá kò ní rí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yóò gbé e mì. Bí ó bá gé e, yóò sáré, ṣùgbọ́n wọn yóò rí i. Ó gbìyànjú láti sún un díẹ̀, kò sún, awọ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ó wo ọ̀nà ilé. Ó wo èéfín. Ó dọ̀bálẹ̀ fún oǹdè náà, ó ní, “Baba Bámgbàlà, ẹ má bínú sí mi. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀, èmi náà mọ̀. Àmọ́ Àwẹ̀ró lorí tèmi.” Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé e.

Ó gùn ún, ó tẹ jíà. Ṣéènì gun orí Ẹ̀gbọ́n láìjanpata. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ó wọ pápá, kẹ̀kẹ́ ń fò, ilẹ̀ kò ráyè dì í mú. Bí mo bá sọ bó ṣe sáré fún yín, ẹ ó ní mò ń purọ́, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀.

Nígbà náà ni àwọn ará pápá dìde láti inú koríko. Wọ́n ga, àtẹ́lẹwọ́ wọn fẹ̀. Wọn kò lù ú, wọn kò dí i lọ́nà. Bí ó ti ń kọjá, ẹni kọ̀ọ̀kan wọn kàn ń na ọwọ́ fi kàn án lójú wẹ́rẹ́, bí ẹni ń kí èèyàn kú oríire. Ẹni tí wọ́n bá sì fọwọ́ kàn, ọjọ́ orí rẹ̀ á lé. Ọdẹ́jìnmí rí i tí iṣan yọ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Irùngbọ̀n tí kò ní tẹ́lẹ̀ ń fẹ́ lágbọ̀n rẹ̀, funfun sì ni. Kò lè dúró, ilẹ̀ ń dúró dè é. Kò lè fi ojú pa mọ́ sí ibì kan. Ó ń tẹ kẹ̀kẹ́, ọwọ́ ń kàn án, agbára ń tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló fi ré pápá náà kọjá.

Àwẹ̀ró jókòó lẹ́nu ibodè ìlú náà. Ó wà bí ó ṣe wà lórí àpáta, eruku láfún ṣì wà lápá rẹ̀. Wọ́n gbé àwo iṣu tuntun ka iwájú rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kàn án.

Ọdẹ́jìnmí ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. “Àwẹ̀ró.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, baba. Ẹ kú ìrìn.”

“Èmi ni, Àwẹ̀ró. Ọdẹ́jìnmí ni. Dìde ká máa lọ.”

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú àánú. Ó ní, “Baba, ẹ má bínú. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rán ẹnìkan sí mi níbí pé òun lọkọ mi, kí n lè dìde, kí wọ́n sì mú mi wọlé jẹun. Ẹni tó wá lánàá tiẹ̀ jọ ọ́ jù yín lọ.”

“Ta ló máa ń bá ọ fẹ́ iná?”

“Ẹni àná náà mọ ìyẹn.”

Ó fi kẹ̀kẹ́ hàn án. Àwẹ̀ró ní ẹni ìjẹta gun irú rẹ̀ wá. Ó sọ ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, Àwẹ̀ró mi orí. Ó ní ìlú tó ń gba ìrántí gbogbo èèyàn, kí ni wọn ò ní mọ̀?

Ọdẹ́jìnmí ní, “Kí ni kí n ṣe tó o fi máa gbà mí gbọ́?”

“Baba, ọkọ mi ò ní bi mí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀ ni màá kàn rí.” Ó nu ibi kan lórí òkúta. “Ẹ jókòó, ó ti rẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan iṣu yẹn o. Bẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ ò ní rántí ẹni tẹ́ ẹ wá wá.”

Ọdẹ́jìnmí jókòó.

Ọ̀nà ìgbẹ́ ló gbé èmi náà gba ibodè yẹn kọjá ní ọdún tó tẹ̀lé e, ẹ má bi mí ohun tí mò ń lé, ẹ má sì bi mí bí mo ṣe ré pápá náà kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn. Ebi ìlú yẹn kì í pa èèyàn, pípè ló kàn ń pe èèyàn ṣáá. Bí oòrùn bá kan àtàrí tí ebi bá ń pe Àwẹ̀ró, tí ojú rẹ̀ ń lọ sí àwo, baba arúgbó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn igbó fún un títí ebi á fi dákẹ́. Bí Àwẹ̀ró bá pọn omi dé, á bu ti baba kó tó bu tirẹ̀. Ìgbà tó lọ pọnmi ni ọkùnrin náà sọ gbogbo ohun tí mo rò fún yín yìí fún mi.

Nígbà tó dé, mo ní, “Ìyàwó, mo jẹ́rìí baba yìí. Òtítọ́ ló ń sọ.”

Ó kí mi dáadáa. Ó ní, “Ẹ ṣeun, bàbá ọdẹ. Àwọn tó ń wá máa ń mú ẹlẹ́rìí dání.”

Mo bi í pé, “Ta wá lò ń dúró dè?”

“Ọkọ mi ni. Ó ń bọ̀.”

Mo yíjú sí baba arúgbó. Mi ò mọ ohun tó mú mi bi í, ẹnu mi kàn là ni. Mo ní, “Ẹ̀yin ńkọ́?”

Ó wo Àwẹ̀ró, ó wo ọ̀nà pápá. Ó ní, “Ọkọ ẹ̀ lèmi náà ń bá a retí.”

Mi ò rí ohun tí mo lè ṣe sí i. Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, mo sì ń bọ̀ nílé.